Bí kernel tuntun bá kọ̀ tí kò wọlé, /boot ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́ ẹ ń lo Ubuntu tàbí Debian (ẹ̀yà Linux), bí kernel tuntun, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bá dá dúró sáàárín ọ̀nà bẹ́ ẹ ṣe ń fi í sí i, ẹ má tíì pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín rẹ́. Ẹ ṣí terminal (ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí), kẹ́ ẹ tẹ `df -h /boot` láti wo àyè tó kù ní /boot, ibi tí àwọn fáìlì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde wà. Bó bá ti ń lọ sí 100%, àyè ló tán. Kernel kọ̀ọ̀kan ló ń kó vmlinuz (kernel fúnra rẹ̀) àti initrd (fáìlì tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra) tiẹ̀ síbẹ̀, initrd yẹn ló sì sanra jù. Ẹ fi `uname -r` wo èyí tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́ (ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn o), kẹ́ ẹ fi `sudo apt autoremove --purge` kó àwọn tó ti gbó dànù, kẹ́ ẹ wá fi `sudo dpkg --configure -a` parí iṣẹ́ tó kù. Bó bá jẹ́ iná ló lọ lójijì, àṣẹ ìkẹyìn yẹn náà ni. Tí kọ̀ǹpútà kò bá wá gbéra, ẹ tẹ Esc tàbí Shift bẹ́ ẹ bá ti ń tàn án, kí GRUB (ètò tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ yan kernel) lè yọjú, kẹ́ ẹ mú kernel àtijọ́ nínú “Advanced options”. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sínú GRUB, ẹ ṣọ́ra: kíbọ́ọ̀dù QWERTY (ti Gẹ̀ẹ́sì) ló sábà máa ń kà, AZERTY (ti Faransé) sì lọ̀pọ̀ wa ń lò, Q lẹ ó tẹ kí A tó jáde. Ṣùgbọ́n bí kernel bá wọlé tán tí Wi-Fi sọnù, ọ̀rọ̀ dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ẹ̀rọ Wi-Fi) nìyẹn, /boot ò mọ̀ nípa ẹ̀.