Ìkọ́ kékeré tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ àmọ́rà ọlọ́pàá, ìyẹn ẹni tó ń tún ìbọn wọn ṣe, n'Ílọrin, wọ́n kó písítù mẹ́rin wá bá mi, Browning Hi-Power ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ó ń há. Ẹni tó kó sípíà wá ní, "Bàbá, ìbọn kan náà ni gbogbo wọn, ẹ ṣáà pààrọ̀ ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi.

Títú u àti nínù ún, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹni tó bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n. Mẹ́ta nínú wọn, sípíríǹgì máàgásíìnì, ìyẹn àpò tí ọta ń wà nínú ìbọn, ló ti rẹ̀, kò lè ti ọta sókè dáadáa mọ́, mo pààrọ̀ ẹ̀, wákàtí kan ò pé.

Ẹ̀kẹrin ni wàhálà. Tí wọ́n bá yìn ín, èèpo ọta á dúró sínú bárẹ́ẹ̀lì, ọta míì á tún fẹ́ wọlé, ó ti há nìyẹn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìkọ́ tó ń fa èèpo jáde ni, etí ẹ̀ ti jẹ. Mo mú tuntun, kò wọ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò wọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo relé. Kí n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń fi fáìlì ha á kó lè wọlé! Mo pariwo débi pé wọ́n gbọ́ mi ní káńtà. Ẹni tó máa gbé ìbọn yẹn kojú adigunjalè lóru ńkọ́, tí ìkọ́ bá kán sí i lọ́wọ́?

Ìgbà tí mo gbé ìkọ́ méjèèjì síwájú iná ló yé mi. Ọdún 1935 ni ìbọn yẹn jáde ní Bẹ́líjíọ̀mù, àwọn ti àkọ́kọ́, inú sláìdì, irin òkè ìbọn tó ń sún síwá sẹ́yìn, ni ìkọ́ wọn wà, nígbà tó di bíi 1962 ni wọ́n gbé e síta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ojú lè rí i. Ìkọ́ ti ìbọn àtijọ́ ni wọ́n kó fún mi, ìbọn ọwọ́ mi ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni. Orúkọ kan náà, ọta 9mm kan náà, máàgásíìnì tó ń gba ọta 13 kan náà, ìkọ́ ò bára mu rárá.

Owó àpò mi ni mo fi wọ mọ́tò lọ Ọ̀fà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, àmọ́rà bíi tèmi. Ìbọn irú tọwọ́ mi kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tí ara ẹ̀ ti là tí wọn ò lò mọ́, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, a yọ ìkọ́ àti sípíríǹgì kékeré ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo yìn ín ní máàgásíìnì méjì gbáko, ọta 26, kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́.

Tí n bá tún un ṣe lónìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sláìdì ni n ó kọ́kọ́ wò kí n tó bèèrè sípíà kankan, n ó sì gbé ìkọ́ tó jẹ yẹn dání lọ síbi tí wọ́n ti ń kó o, kí wọ́n fi wé e lójú mi.