Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo ẹyẹ ní Ẹlẹ́yẹlé nígbà àkọ́rọ̀ òjò

Ẹ̀yin ará, oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni mo fẹ́ràn jù láti wo ẹyẹ n'Íbàdàn, ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ewé tuntun ń yọ, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti ń kọ ebè. Ẹyẹ tó fẹ́ kọ́lé ń kọ́lé, èyí tó fẹ́ rìnrìn àjò ń palẹ̀ mọ́. Ibi tí mo máa ń mú èèyàn lọ ni etí omi Ẹlẹ́yẹlé, adágún tí wọ́n sé odò Ọ̀nà fún ní 1942 kí ará ìlú lè rómi mu, ẹ sì wo orúkọ ẹ̀ náà, ẹyẹlé wà nínú ẹ̀.

Ẹ tètè jí o. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ti bá yín létí omi, torí tó bá fi máa di aago mẹ́wàá tí oòrùn ti mú, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á ti sá sábẹ́ ewé. Ẹ má wọ aṣọ funfun, ẹ wọ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà róbà tó ga nítorí ẹrẹ̀ àti ejò. Ẹ má dá lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ omi àtàwọn apẹja, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, torí ẹni tó kàn gbé awò sójú tó ń yọ́ rìn kiri, wọ́n á rò pé ó wá ṣọ́ àwọn ni. Àwọn apẹja yìí gan-an ló mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn, ẹ bi wọ́n.

Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. 8 yẹn ni pé ó máa fa nǹkan súnmọ́ yín lọ́nà mẹ́jọ, 42 ni bí ojú ẹ̀ níwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, bó bá ṣe fẹ̀ sí ni ìmọ́lẹ̀ á ṣe wọlé sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 12 tàbí 20 fún yín, bọ́wọ́ bá ti gbọ̀n díẹ̀ báyìí ẹyẹ á máa jó lójú yín. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ, ẹ má wo awò, ẹyẹ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, kẹ́ ẹ wá gbé awò sókè wá bá ojú yín níbi tó wà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ dúró sójú kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ṣe ni mo ń rìn káàkiri, gbogbo ẹyẹ tí mo rí ló kẹ́yìn sí mi tó ń fò lọ. Ìgbà tí mo wá jókòó sídìí igi kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n gbàgbé mi. Lórí ojú oró àti òṣíbàtà ni mo ti rí ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan tí iwájú orí ẹ̀ jẹ́ búlúù, tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gan-an, òyìnbó ń pè é ní jacana. Ó ń rìn lórí ewé, ewé ò sì rì, torí ìka gígùn yẹn pín ìwúwo ẹ̀ káàkiri. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ, tí ewu bá dé á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, ẹ̀ẹ́ wá máa rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń já wálẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ bíi koríko.

Ẹ tún wo ibi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti ya jálájálá, àwọn ẹ̀gà wà níbẹ̀. Akọ ló ń hun ilé, tó bá hun ún tán á dorí kodò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, á máa gbọn apá pìpìpì kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá sí abo tó gbà á títí ilé fi gbẹ, á tú u, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nínú pápá, ẹ tẹ̀lé màlúù lókèèrè, ẹ̀ẹ́ rí lékèélékèé tó ń ṣa tata tí pátákò lé dìde. Lásìkò yìí àwọn kan ti ń yọ ìyẹ́ aláwọ̀ ọsàn lórí àti láyà, ìyẹn ni pé ìgbà àtiyé ẹyin ti dé. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ọ̀fun ẹ̀ pupa, tí ìrù ẹ̀ ya síméjì gígùn, ẹ wò ó dáadáa kó tó lọ, torí ó ń padà sí Yúróòpù nìyẹn, gbogbo ara ẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ.

Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀. Ẹ lè fi BirdLasser, app tí wọ́n fi ń kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀, sórí fóònù fún iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas, àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, wákàtí 2 ó kéré tán ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ fi wò. Ẹ má fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹ má sì súnmọ́ ọn nítorí fọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ ẹlúlùú nínú igbó, tóhùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bíi omi tó ń dà jáde látẹnu ìgò, ẹ wo sánmà, kẹ́ ẹ sì yáa ki fóònù àti awò sínú láílọ́ọ̀nù.