Yàrá Iwájú tàbí Yàrá Ẹ̀yìn Nínú Ilé Onítáyà
Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ fẹ́ ra ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, kí ẹ tó yan yàrá iwájú tàbí ti ẹ̀yìn, ẹ ní kí wọ́n ti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń yọ síta wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ ṣì lè dé orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí bó ṣe máa rí nìyẹn bí ẹ bá dúró sinmi lójú ọ̀nà. Ẹrù ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilé náà ló yẹ kó tẹ ìkọ́ tó so ó mọ́ ọkọ̀. Bí yàrá bá wà lẹ́yìn, tí ẹ sì kó kẹ́ẹ̀gì omi àti àpò iṣu sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iwájú á fúyẹ́, ẹ̀yìn ilé náà á máa fì sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ ṣe ń fà á, ewu ńlá sì ni èyí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wúwo sún mọ́ táyà. Síbẹ̀, ipò yàrá nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí ìwọ̀n wà, nítorí táǹkì omi àti ilé ìdáná kì í wà lójú kan náà nínú gbogbo wọn; òṣùwọ̀n nìkan ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wọlé.