Ọjọ́ Tí Mo Wá Agbe Lọ Sétí Odò Ọ̀ṣun

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n wí: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Mo ti fi ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìdúró títí etí mi fi kún. Àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí léèrè pé, "Ọ́ńkù, báwo ni agbe ṣe rí gan-an?" Ẹnu mi wọhò. Nínú ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lékeléke nìkan ni mo lè fi ìka tọ́ka sí. Èmi tí wọ́n bí sí Òṣogbo, ìlú aró, n kò mọ ẹyẹ tó laró.

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé màá fi ọjọ́ kan gbáko wá wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì yá mi ní awò awòjìnnà rẹ̀, ó sì fi áàpù kan tí wọ́n ń pè ní BirdLasser hàn mí lórí fóònù, èyí tí èèyàn fi ń kọ ẹyẹ tó bá rí sílẹ̀. Ó ní láti ọdún 2015 ni àwọn èèyàn ti ń ya máàpù ibi tí irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, pé ilé ìwádìí A.P. Leventis tó wà ní Jos ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n gé máàpù gbogbo orílẹ̀-èdè sí àpótí onígun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ á rìn nínú àpótí kan fún wákàtí 2 ó kéré tán, á sì máa kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń rí i tàbí bó ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Irú ẹyẹ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 900. Ká ní wọ́n bi mí tẹ́lẹ̀, bí ọgbọ̀n ni ǹ bá pè é.

Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ igbó. Mo lọ bá Bàbá Ọdẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí ó ti fi ìbọn rẹ̀ kọ́ ara ògiri láti bí ọdún mẹ́wàá.

"Kí lo fẹ́ fi ẹyẹ ṣe? Ṣé oògùn ni?"

"Rárá o, bàbá. Mo kàn fẹ́ wò wọ́n ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí o wò wọ́n, kí o wá fi wọ́n sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní kí n wá kí àdán tó wọlé.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ti gbòde. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo nínú ọyẹ́ mọ̀ pé ètè á bẹ́, imú á gbẹ, eruku á sì máa bọ̀ lójú òfuurufú bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́. Àwọn tó ń wo ẹyẹ létí òkun máa ń ráhùn atẹ́gùn. Àwa kò lókun ní tiwa, àmọ́ a ní ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà tó sì wá bá wa nínú ilé. Mo fi òrí pa ètè, mo wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà dání. Nígbà tí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, a ti wà ní àkùrọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ létí odò.

Mo gbé awò sójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá ní kí n gbé e kalẹ̀. "Òwúrọ̀ kì í ṣe ti ojú, ti etí ni." Ó tún kọ́ mi ní ohun tí n kò lè gbàgbé: nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, má ṣe wá ẹyẹ síbi tí igi ti ń mì. Wá ẹ̀yìn igi ńlá, wá inú kòtò, wá abẹ́ bèbè, ibi tí atẹ́gùn kò dé. Ẹyẹ náà mọ òtútù. A wá jókòó sẹ́yìn ọ̀pẹ̀rẹ̀kẹ́tẹ̀ kan, a kọ ẹ̀yìn sí ọyẹ́.

Ẹlulùú ló kọ́kọ́ dún. Ohùn rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n ń dà láti inú akèrègbè, kùkùkùkù, ó ń lọ sílẹ̀, ó tún ń gòkè bọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹlulùú tó pe òjò, orí ara rẹ̀ ni òjò ń pa. Ẹ jọ̀ọ́, òjò wo ló ń pè nínú oṣù kìíní? Bàbá ní bóyá ó ti ń ṣe ìdánrawò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹyẹ kìíní.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ọ̀wọ́ lọ́wọ̀ọ́, láti ibi tí wọ́n sùn lọ síbi tí màlúù wà, nítorí tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń tú jáde nínú koríko ni oúnjẹ wọn. Mo ka mẹ́tàlélọ́gọ́ta kí n tó ṣìnà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, èékánná la máa ń nà sí wọn kí wọ́n lè fún wa ní funfun. Ẹyẹ yìí kan náà ló fò láti Áfíríkà kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì ń bímọ níbẹ̀ títí dòní. Kò gba físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ ń gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí bébà, síbẹ̀ wọn ò yà kúrò lójú ọ̀nà.

Lórí ọ̀pẹ kan, ìtẹ́ ẹ̀gà ti ọdún tó kọjá ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ ti di egungun. Akọ ló ń hun ìtẹ́ yẹn. Tó bá hun ún tán, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa ju ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ ilé wò. Bí ìtẹ́ bá gbẹ láìrí abo tó gbà á, ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ tú u palẹ̀ kó tún òmíràn bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní òun mọ ọkùnrin mẹ́ta ní àdúgbò òun tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Wákàtí 2 pé, ẹyẹ mọ́kàndínlógún. Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, a sanwó, a wọlé. Ẹni tó ń gba owó bi mí bóyá kámẹ́rà ni mo so mọ́rùn. Mo gbé awò fún un, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ. Igbó yìí fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ọdún 2005 ni UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ọdẹ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀, apẹja kò gbọ́dọ̀ dẹ àwọ̀n, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gégi. Ìdí nìyẹn tí igi ibẹ̀ fi ga débi pé ọyẹ́ kàn ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún ni, ìsàlẹ̀ pa lọ́lọ́. Láàárín àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950 tó sì kú sí Òṣogbo lọ́dún 2009, kọ́ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa, ológoṣẹ́ kan bà lé àtẹ́lẹwọ́ òrìṣà kan bí ẹni pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ọwọ́ náà.

Níbí yìí ni ìtàn sọ pé igi kan tí Tìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gé ti wó sínú odò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé, "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi!" Mo ń ro ọ̀rọ̀ aró yìí lọ, mo gbé àpò mi sílẹ̀ kí n lè nu ojú awò. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ máa fi nù ún o, eruku ọyẹ́ ń họ gíláàsì bí ẹ bá fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Kí n tó gbójú sókè, ọ̀bọ kan ti gbé búrẹ́dì mi gun igi. Ó tú ọ̀rá rẹ̀ bí èèyàn, ó ń wò mí, ó ń jẹ. Bàbá ò bá mi kẹ́dùn rárá. Ó ní onílé gba owó ilé ni.

Ọ̀bọ yẹn ni mo ṣì ń wò nígbà tí Bàbá di apá mi mú. "Lókè odò. Má mira." Ẹyẹ kan tó dúdú mọ́ àwọ̀ àlùkò, ẹnu rẹ̀ sì pọ́n rẹ̀rẹ̀, ń rìn lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Lójú mi, kò ní osùn kankan lára. Ó wá na ìyẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, osùn ni! Gbogbo ìyẹ́ apá pupa fòò, ó fò kọjá odò, ó pa ìyẹ́ dé, ó tún di dúdú. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ. Àwọn tó sọ pé àlùkò ló losùn ti rí i níbi tó ti ń fò. Ẹni tó bá rí i níbi tó jókòó nìkan kò ní í mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo kà á lẹ́yìn náà pé bàbà gidi wà nínú àwọ̀ pupa yẹn, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìdílé ẹyẹ náà ń gbé. Bàbà ni wọ́n sì fi ń ṣe idẹ, idẹ Ọ̀ṣun.

Odò fúnra rẹ̀ kò dùn ún wò. Omi ti pọ́n bí omi amọ̀, àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi. Ẹyẹ tó ń pẹja kò lè rí ẹja nínú irú omi bẹ́ẹ̀, a ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Bàbá ní ká lọ sí adágún omi Ẹ̀rìnlẹ̀ lápá Ẹdẹ. A jẹ àkàrà tó ṣẹ́ kù, ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì.

Níbẹ̀ ni ọyẹ́ ti lù wá. Omi ń ru, ó ń gbá bèbè bí òkun kékeré, fìlà Bàbá fò lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí i pé atẹ́gùn tó ń yọ èèyàn lẹ́nu, irinṣẹ́ ni fún ẹyẹ. Ẹyẹ apẹja dúdú-òun-funfun kan kọjú sí atẹ́gùn, ó dúró sójú kan lófuurufú, ó ń ju ìyẹ́, orí rẹ̀ kò mì. Ó já lulẹ̀ bí òkò, ó gbé ẹja jáde. Mo ní Atáọ́ja, ọba wa ní Òṣogbo, ń tẹ́wọ́ gba ẹja, eléyìí kò ní sùúrù yẹn. Òmíràn tó dúdú, tí ọrùn rẹ̀ gùn, na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí kùkùté kí ọyẹ́ lè gbẹ ẹ́, bí aṣọ lórí okùn.

Ẹyẹ tó mú mi jókòó fún wákàtí kan gbáko ń rìn lórí òṣíbàtà. Ara rẹ̀ pupa bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ewé kò fi rì. Iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ àyìnrín, èyí tí kò tí ì di aró. Akọ ẹyẹ yìí ló ń sàba lé ẹyin, òun ló ń gbé àwọn ọmọ sábẹ́ apá. Abo á ti lọ bá ọkọ mìíràn. Mo sọ fún Bàbá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á sọ fún ìyàwó òun pé òun ò rí nǹkan kan.

Ní gbogbo ọjọ́ náà, àwòdì méjì kọjá, igún kankan kò kọjá. Bàbá ní nígbà kan, igún máa ń kún orí páànù ilé ìpẹran. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a mọ̀ ọ́n wí bí a ṣe mọ agbe wí, síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ lọ́jà. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ka igún tiwa mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́ẹ̀ pa run pátápátá.

"Bàbá, agbe ńkọ́?"

"Mo rí i kẹ́yìn nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, nínú igbó lápá Ìjẹ̀ṣà. Ó tóbi ju àkùkọ lọ, ó ní ògbè lórí. Mo yìnbọn fún un." Kò sọ bóyá ó bà á.

Irú ẹyẹ méjìdínlógójì ni mo kọ sílẹ̀. Mo ya àlùkò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù, mo fi pupa kún inú ìyẹ́ nìkan, ó ní mi ò mọ àwòrán yà. Agbe ṣì wà nílẹ̀. Bàbá Ọdẹ ti pè mí lánàá, ó ní òun gbọ́ nípa igbó kan tí wọn kò tí ì gé, pé kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n tètè dé, kí n má sì mú búrẹ́dì dání.