Bí mo ṣe mú kí síǹkì ọ́ksáìdì gbóòórùn èéfín láìgbóná

Mo fẹ́ ní ohun kékeré tí yóò máa gbóòórùn NO₂, èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì díẹ́sù jáde, láì fi iná yan án. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, irú èyí tí Naoyoshi Taguchi ti bẹ̀rẹ̀ ní Japan láti 1962, àfi kó gbóná tó nǹkan bí 200 sí 400°C kó tó ṣiṣẹ́. Bátìrì kékeré kò lè bọ́ ooru yẹn pẹ́.

Síǹkì ọ́ksáìdì, ohun tí síǹkì àti ọ́síjìn para pọ̀ dì, ni mo lò. Mo kán zinc acetate inú ẹ́tánọ́ọ̀lù sórí gíláàsì tí wọ́n ti tẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí lára, bí eyín òòyà méjì tó wọnú ara wọn, mo sì yan án ní 350°C fún ìṣẹ́jú 20. Irúgbìn nìyẹn, orí rẹ̀ ni síǹkì ọ́ksáìdì yóò ti hù. Mo wá po kẹ́míkà méjì, zinc nitrate àti hexamine, mọ́ omi, 25 millimolar (ìwọ̀n bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó nínú omi) ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ki gíláàsì bọ̀ ọ́, mo gbé e sínú ófùn ní 90°C fún wákàtí 4.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ ojú rẹ̀ sókè. Ìyẹ̀fun funfun ya bò ó; bí mo ṣe fi omi ṣàn án, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò. Ẹ dojú gíláàsì bolẹ̀ o! Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pá tín-ín-tìn-ìn-tín onígun mẹ́fà ló hù jáde, wọ́n dúró ṣánṣán bí oko ìrèké lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Inú àpótí tó ń fa èéfín síta ni mo ti dán an wò, NO₂ kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú. Bí gáàsì tí mo ti fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ bùlà ṣe kàn án, ìdènà iná rẹ̀ gòkè: NO₂ a máa já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tín-ín-tín tó ń gbé iná, gbà lára ọ́ksáìdì, iná kì í sì í rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Inú mi dùn. Àmọ́ mo pa gáàsì, nọ́ńbà ìdènà yẹn kò padà. Odidi wákàtí kan! Gáàsì ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ooru tí yóò lé e. Ohun tí kò lè gbàgbé èéfín àárọ̀, báwo ni yóò ṣe sọ ti ọ̀sán fún wa?

Iná UV kékeré, gílóòbù LED 365 nm tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ló gbà mí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn lágbára tó láti tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú síǹkì ọ́ksáìdì, kó sì tú gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Mo tàn án sí i, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lójú mi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ti gbéra. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dá mi lójú.

Ọ̀rinrin ló kù. Lọ́jọ́ òjò, afẹ́fẹ́ ìta lásán yí nọ́ńbà padà láìsí NO₂ kankan, ni mo bá so ohun tó ń ka ọ̀rinrin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kì í ka ọ̀kan mọ́ láì ka èkejì.