Bí A Ṣe Ń Fọ Eyín Àtọwọ́dá Nílé, Àti Ibi Tó Yẹ Kó Sùn

Ọṣẹ ìfọyín tó ń mú eyín tó hù lẹ́nu wa mọ́ ni ó ń ba eyín àtọwọ́dá jẹ́. Acrylic, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, rọ̀ ju eyín gidi lọ, èròjà kíkúnná tó dà bí yanrìn nínú ọṣẹ ìfọyín sì máa ń ha á. Ojú lè má rí ibi tó ha, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọ̀ obì àti tíì máa ń wọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni kòkòrò àìfojúrí ń fara pamọ́ sí tí òórùn fi ń jáde. Èédú àti eérú náà lè ha á. Ẹ fi pákò àti ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀ fún àwọn eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu.

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí ẹ ò fi ṣe nǹkan mìíràn, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́. Ẹ fọwọ́ yín, kí ẹ bu omi dé ìdajì bàsíà, kí ẹ sì máa fọ eyín náà lókè rẹ̀. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ bá ti kàn án. Bó bá bọ́ sínú omi, kò sí nǹkan tó máa ṣe é; bó bá bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ó lè là sí méjì. Inú rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ èrìgì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bó bá jẹ́ odindi eyín ìsàlẹ̀, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ fún etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, àárín ló ti máa ń kán. Bó bá ní wáyà tó fi ń kọ́ eyín mìíràn, ara ike ni kí ẹ dì mú, kí ẹ wá ti irun búrọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ wáyà náà, níbi tí oúnjẹ máa ń há sí. Àárọ̀ àti alẹ́ ni fífọ̀ yìí. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ kàn fi omi ṣàn án.

Omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Àwọn kan máa ń da omi gbígbóná sí i kí kòkòrò lè kú. Ike náà á yí, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́.

Lálẹ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ fọ èrìgì, àjà ẹnu àti ahọ́n pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì fi eyín náà sínú ife omi tó bò ó mọ́lẹ̀, torí ó lè yí bó bá gbẹ. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fi sùn ni àjà ẹnu rẹ̀ sábà máa ń pọ́n, tí igun ètè rẹ̀ sì máa ń là. Ìwádìí kan tó jáde ní Japan lọ́dún 2015, lórí àgbàlagbà 524 tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 85 sókè, fi hàn pé àwọn tó ń fi eyín sùn ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó bí ìlọ́po méjì àwọn tí kì í fi sùn.

Fún ẹni tó ń lo eyín kékeré, ẹyọ kan tàbí méjì, ewu mìíràn wà: ó lè tú lójú oorun kó gba ọ̀fun lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé òkèlè ẹ̀bà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì láti fi tì í, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún eegun ẹja. Wáyà rẹ̀ lè ya ọ̀nà ọ̀fun. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eyín oníke ni, nítorí acrylic kì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray. Pé àwòrán ò fi nǹkan kan hàn kò ní kó má sí níbẹ̀.

Bí nǹkan funfun líle bá ti gan mọ́ ọn, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ẹ po fínígà funfun àti omi ní ọgbọọgba, kí ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bílíìṣì ìfọṣọ dára fún òórùn: ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 10, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ sì ṣàn án dáadáa. Eyín tó ní irin tàbí wáyà kò gbọdọ̀ wọ inú bílíìṣì, yóò dógùn-ún. Fínígà àti bílíìṣì ò sì gbọdọ̀ pàdé nínú abọ́ kan, èéfín olóró ni wọ́n ń mú jáde.

Bí ẹ bá ṣàdédé rí i pé eyín tó ti ń bá ẹnu yín mu dáadáa ń mì, ó lè jẹ́ pé èrìgì ti fà sẹ́yìn; oníṣègùn eyín lè fi ike kún inú rẹ̀. Bó bá ń gún yín, ẹ má fi ayùn tàbí fáìlì ha á fúnra yín. Bó bá fọ́, ẹ má lo gúlúù: ibi tó fọ́ ò ní jókòó dáadáa mọ́, ẹni tó máa tún un ṣe ò sì ní rí ojú rẹ̀ tò. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ sínú ọ̀rá, títí kan èyí tó kéré jù, kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀.