Koríko Ọ̀ṣọ́ Kọ́ Ló Ń Pa Ajá Yín

Iṣẹ́ òdòdó ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Gbogbo oníbàárà tó bá ti ní ajá ló máa ń bi mí bóyá fountain grass, koríko ọ̀ṣọ́ tó máa ń yọ ìrù, ní májèlé. Kò ní. Ajá lè bì tó bá jẹ ewé rẹ̀ ní àjẹjù, bó ṣe ń bì tó bá jẹ koríko ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù wà nínú ọgbà náà lóòótọ́, àmọ́ ẹ kì í wo ọ̀nà ibẹ̀.

Àṣìṣe kìn-ín-ní: ẹ ń jẹ́ kí ìrù koríko náà gbẹ síbẹ̀ nítorí pé ó dùn ún wò. Tó bá ti gbẹ, èso rẹ̀ á máa já bọ́ pẹ̀lú irun líle tó yí i ká, á sì lẹ̀ mọ́ ajá bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀. Á há sí àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀, á wọ etí, á wọ imú. Ẹ tètè gé e. Oríṣi tí ewé rẹ̀ pupa kì í sábà so èso tó ń hù, òun ni mo máa ń yàn fún onílé tó ní ajá, síbẹ̀ mo ń gé ìrù tiẹ̀ náà.

Tẹ̀yin ará wa tó wà ní California tún le jù báyìí lọ. Koríko foxtail tó ń lalẹ̀ hù níbẹ̀ ní ẹ̀gún tó kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Tó bá ti wọ awọ ara, iwájú ló ń lọ, kì í padà. Bí ajá bá ṣàdédé ń sín láìdáwọ́ dúró, tó ń gbọn orí, tàbí tó ń lá ẹsẹ̀ kan ṣáá, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Èkejì: ẹ má gbin koríko ọba sí tòsí ibi tí ajá ń sùn. Inú á máa dà á láàmú tó bá ń jẹ ẹ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni sago palm. Màmá kan ní Bódìjà gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé fountain grass ń pa ajá. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti ní kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀ dànù, owó ti ṣòfò. Sago palm ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀! Igi yìí jọ ọ̀pẹ, kì í sì í ṣe ọ̀pẹ. Láti gbòǹgbò dé ewé, májèlé ni, èso rẹ̀ ló burú jù. Ẹyọ kan tàbí méjì lè pa ajá. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí a gbé e kúrò, wọ́n ní owó ńlá làwọn fi rà á. Ajá wọn họ ìdí ọ̀kan, ó jẹ gbòǹgbò rẹ̀, ó bì títí ó fi ń bì ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kú. Àwọn tó ń tà á létí títì kì í sọ fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè, àbí kí ẹ bi èmi!

Epo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ rọ sí ajá yẹn lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀. Epo kì í pa májèlé sago palm, ó sì lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ajá tó ti rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀ka igi tó jẹ dání, kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà l'Abẹ́òkúta. Ẹ má dúró de àmì àìsàn.

Igi olómi ojò (yellow oleander) tí ẹ fi ṣe ọgbà yí ilé ká ńkọ́? Ọkàn ló ń dá dúró. Ẹ hú u.

Ó tún ku oògùn apakoríko. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mo ṣì ń rí i lọ́wọ́ àwọn gádínà. Kò ní ẹ̀rọ̀ kankan, ẹ̀dọ̀fóró ló ń jẹ. Ẹ gba ike oògùn náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ka ara rẹ̀ kí wọ́n tó pò ó. Tó bá jẹ́ oògùn tí òfin gbà láyè, ẹ ti ajá mọ́lé, ẹ má sì tú u sílẹ̀ kí ibi tí wọ́n fọ́n ọn sí tó gbẹ.